Ìyá onígàrí ra ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ní Ọ̀nà-Àrà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ya

Owó àjọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ohun àwàdà o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń wọn gàrí ní kọ́ńgò-kọ́ńgò, yóò sọ fún yín bí èèyàn ṣe ń yọ ọ́ lára owó ọbẹ̀, lára owó aṣọ, lára owó iléèwé ọmọ, títí yóò fi di ohun tó ṣeé gbé lé ọwọ́. Ìyá onígàrí kan tó ń tajà lágbègbè Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ló dá irú owó bẹ́ẹ̀ jọ. Nígbà tó kó o, kò fi ra aṣọ òkè, kò sì fi ṣe ìnáwó. Ilẹ̀ ló fi rà. Ilẹ̀ Ṣáṣá àti Mọ́níyà ti kọjá agbára rẹ̀, ló bá gba òdì kejì ìlú lọ, sí abúlé kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Àkànrán, ní Ọ̀nà-Àrà, ó sì ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan níbẹ̀.

Ilẹ̀ náà wù ú. Òkè rẹ̀ kan ọ̀nà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sétí odò kékeré kan. Ajẹ́ńtì tó mú un lọ wò ó ní, "Màmá, afẹ́fẹ́ ibí nìkan tó owó. Ẹ wo omi nísàlẹ̀ yẹn, èyí tí ẹ ó fi po sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀ dè yín." Wọ́n ti gé gbogbo igi tó wà lójú ìdagẹ̀rẹ́ náà, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Iye tí wọ́n pè é kò ju ìdajì owó ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò bèèrè ìdí tó fi pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Ta ló ń bèèrè?

Bíríkìlà ti kan èèkàn, ó ti na okùn, ó ku kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, ni ọmọ ọmọ Màmá dé fún ìsinmi. Yunifásítì ni ọmọ náà wà, iṣẹ́ nípa ilẹ̀ àti àwòrán ilẹ̀ ló ń kọ́. Ó dúró lókè, ó wo ìsàlẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò sọ̀rọ̀.

"Kí lo ń wò tó báyìí?" Màmá bi í.

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Ǹjẹ́ ẹ bi àwọn ará abúlé yìí bóyá ilẹ̀ ibí ti ya rí?"

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, òkè wo ló wà n'Ìbàdàn tí yóò ya lu èèyàn? Òkè Màpó láti ayébáyé, ṣé o gbọ́ pé ó ya rí ni?"

Ọ̀rọ̀ bíríkìlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Àwọn òkè àyíká Ìbàdàn kò ga bíi ti ibòmíràn, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ àpáta tàbí òkúta líle. Ẹni tó dàgbà sí Làgelú tàbí Ẹ̀gbẹ́dá lè lo ayé rẹ̀ tán láìgbọ́ pé òkè bo ilé kan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga òkè nìkan ní í pani. Ilẹ̀ tó bá dà gẹ̀rẹ́, tó mu omi yó, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò pọn dandan kó ga kó tó ṣe ibi.

Ojoojúmọ́ ni Màmá sì ń rí i lórí àtẹ. Tó bá ń bu gàrí lé kọ́ńgò, orí rẹ̀ a ga, a tún ga, títí yóò fi dé ibì kan tí kò ní gbà mọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan sí i báyìí, gbogbo rẹ̀ a yọ̀ wálẹ̀. Oníbàárà a ní, "Màmá, ẹ ṣì fi díẹ̀ sí i," Màmá a ní kò dúró mọ́. Bí ọmọdé kan bá sì lọ bu gàrí nídìí òkìtì, orí òkìtì ni yóò wó lé e lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi ṣàlàyé fún un nìyẹn. Ó ní ilẹ̀ náà níbi tó lè dà gẹ̀rẹ́ mọ, kó tó máa yọ̀. Omi òjò tó bá wọnú rẹ̀ á sọ ọ́ di wúwo, á sì jẹ́ kí erùpẹ̀ máa yọ̀ lára ara wọn. Gbòǹgbò igi ló ń dì í mú, wọ́n sì ti gé igi. Ibi tí bíríkìlà wá fẹ́ gbẹ́ kí ojú ilẹ̀ lè tẹ́jú fún ilé, ẹsẹ̀ òkìtì gan-an ni.

Bíríkìlà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. "Níbo ló ti ṣẹlẹ̀ rí?"

Ọmọ náà dárúkọ Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní Sàró. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà lórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lókè àdúgbò Regent. Ẹrẹ̀, òkúta àti igi ńláńlá dà wálẹ̀ pọ̀ bí àmàlà tó rọ̀, wọ́n gba ojú odò lọ, wọ́n sì gbá ilé lọ pẹ̀lú àwọn tó ń sùn nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó kú pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n wá tí wọn ò rí, wọ́n jẹ́ 1,141.

Háà! Màmá di orí mú.

Àwọn òkè yẹn kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ náà ni abúlé Bathurst wà, níbi tí wọ́n mú Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, lọ ní ọdún 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n sọ wọ́n ní Aku, nítorí "ẹ kú, ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Freetown títí dòní.

Kí ló fà á? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún náà, òjò tó rọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye tó máa ń rọ̀. Wọ́n ti gé igbó orí òkè, ilé sì ń gun òkè lọ lọ́dọọdún, nítorí ilẹ̀ tó tẹ́jú ti wọ́n. Nígbà tí Màmá gbọ́ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ti wọ́n, ó wo ilẹ̀ tirẹ̀, ó dákẹ́.

"Ibi tí yóò ya lọ́la ńkọ́?" ó bi í níkẹyìn. "Ṣebí Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà. Ọjọ́ tó máa ya, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tó ṣeé ṣe kó ya, èèyàn lè ṣírò rẹ̀ débì kan."

Bó ṣe jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nìyẹn tó ń ṣàlàyé. Ó ní ká sọ pé àpò gàrí 100 wà ní ṣọ́ọ̀bù Màmá. 20 nínú wọn fara ti ògiri ẹ̀yìn, èyí tó ń jo. 80 yòókù wà láàárín ilé. Nígbà tí òjò lọ tán, àpò 15 ti bu. Nígbà tí wọ́n wò ó, 9 nínú àwọn 15 yìí ló jẹ́ ti ẹ̀bá ògiri. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn àpò ẹ̀bá ògiri kò ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo gàrí, ṣùgbọ́n nínú èyí tó bàjẹ́, àwọn ló kó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìlọ́po mẹ́ta ìpín wọn ni wọ́n kó. Àwọn ti àárín ilé, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nì, 6 péré ló bàjẹ́ nínú wọn. Ìdajì ìpín tiwọn nìyẹn. Nítorí náà ẹ̀bá ògiri ń gba àmì 3, àárín ilé ń gba ààbọ̀.

Ọmọ náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Màmá fi ní, "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í gbé gàrí Ìjẹ̀bú ti ògiri."

Ohun tí àwọn oníṣirò ń ṣe sí ilẹ̀ òkè nìyẹn gan-an. Wọ́n á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti ya rí jọ: nínú àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà, nínú ìwé ìjọba, lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n á wá pín ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́rin kéékèèké bí àpá ẹní. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á ti bèèrè: báwo ló ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó? Irú erùpẹ̀ wo ni? Ó súnmọ́ odò àbí ó jìnnà? Ṣé wọ́n la títì gba ẹsẹ̀ rẹ̀? Igi ń bẹ níbẹ̀ àbí wọ́n ti gé e? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bíi ti ògiri tó ń jo, kọ̀ǹpútà á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibi tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á fi àwọ̀ pupa kùn ún. Èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ yẹ́lò, ibi tó rọlẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé.

Wọn kì í gba ìṣirò náà gbọ́ lásán o. Bí ilẹ̀ bá ti ya níbi 100, wọ́n lè fi 70 ṣe ìṣirò, kí wọ́n fi 30 pamọ́. Tí àwòrán bá parí, wọ́n á gbé 30 náà jáde, wọ́n á wò ó bóyá orí àwọ̀ pupa ni wọ́n bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá adífá kan mọṣẹ́, ṣebí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi í.

Ní Hong Kong, ìlú òkè kan lápá ọ̀dọ̀ àwọn Ṣáínà, òkè ya níbi méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1972, èèyàn 138 ló kú. Ní ọdún 1977 ìjọba ibẹ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ òkè. Wọ́n ka àwọn ìdagẹ̀rẹ́ tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́, ó tó nǹkan bí 60,000, wọ́n sì kan nọ́mbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kan án mọ́ mọ́tò. Èyí tí ìṣirò bá ní ewu rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe. Òjò Hong Kong kò dín, òkè rẹ̀ ò lọ síbì kan, ṣùgbọ́n òkú dín gidigidi.

"Hong Kong kọ́ ni Ọ̀nà-Àrà," ni bíríkìlà wí.

Òótọ́ ló sọ. Lágbègbè Ìbàdàn, omi ló ń pani ju òkè lọ. Ta ni àgbà Ìbàdàn tó gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tó gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ńkọ́? Òjò wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ péré, wọ́n wọ̀n ọ́n ní mílímítà 187.5, ó gbé afárá, ó gbé ilé, ó wọ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, èèyàn tó kú sì lé ní 100. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún 2014, ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Lára ètò náà ni pé kí wọ́n mọ ibi tí omi lè dé kó tó dé ibẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò tí à ń wí yìí wúlò fún ìyẹn náà: ibo ni omi ti dé rí, báwo ni ibẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó, báwo ló ṣe jìnnà sódò tó? Omi àti ilẹ̀ yíya kò sì jìnnà síra wọn. Odò tó bá kún a máa jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tó ń bu gàrí nídìí òkìtì.

Bíríkìlà ní kí ọmọ náà kúkú mú àwòrán ọ̀hún wá, kí àwọn wo àwọ̀ tí wọ́n fi kun ilẹ̀ Màmá, kí iṣẹ́ máa lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, àwọn Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ojú sánmà yí ayé po fún ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n fi rédà wọn gíga ilẹ̀ káàkiri. Ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ oníṣirò ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 30 níbùú, mítà 30 lóròó. Ìyẹn ju odindi púlọ́ọ̀tì kan lọ, ká má tíì sọ ààbọ̀. Ilé Màmá, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ àti etí odò yóò wọnú onígun mẹ́rin kan, wọ́n á di àwọ̀ kan náà. Ìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, ìwọ̀n náà kò mọ̀ pé wọ́n ti gé igi ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Iye ibi tí wọ́n bá sọ fún oníṣirò pé ilẹ̀ ti ya rí nìkan ló lè kà. Tí ilẹ̀ bá ya lẹ́bàá títì, tó pa èèyàn, gbogbo ayé á gbọ́. Tó bá gbé ebè iṣu àgbẹ̀ kan lọ ní ìsàlẹ̀ abúlé, ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀? Irú ibẹ̀ a jókòó sórí àwòrán pẹ̀lú àwọ̀ ewé, bí ẹni pé kò séwu. Kì í ṣe pé àwòrán purọ́. Wọn ò sọ fún un ni.

Ọmọ náà ní kí àwọn lọ bá àgbà abúlé. Bàbá àgbẹ̀ kan ló jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ó ń họ ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, Màmá náà kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n kí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ etí odò ọ̀hún, ṣé ó ti ya rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni Bàbá wí, bí ẹni ń ka owó. "Ọdún Ògùnpa, kòkó bàbá mi lọ níbẹ̀, ìdí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ọdún 2011, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àbúrò mi ló tún gbé. Òjò tiẹ̀ ti dá kó tó ya. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ là lókè, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, àwọn ewúrẹ́ ń fò ó kọjá. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ibẹ̀ ti lọ sódò."

"Ẹ̀yin Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ nígbà tí mo wá wo ilẹ̀?"

"Ta ló bi mí? Ẹni tó fẹ́ tà lẹ bi."

Màmá kò sùn lóru ọjọ́ náà. Owó ọdún mẹ́rìnlá! Ó pe ajẹ́ńtì, ajẹ́ńtì ní wọ́n ti ná owó, ìwé sì ti wà lọ́wọ́ Màmá. Ó ro ó títí, ó ní òun ì bá mọ̀ òun ì bá fi ra ẹ̀rọ ìlọgàrí. Àwọn ará ilé ní kó má fetí sí ọmọ iléèwé, pé àdúrà ni kó gbà. Ó gbàdúrà, kò sì yọ ọ̀rọ̀ Bàbá lọ́kàn.

Ẹni tó wá yọ ọ́ nínú rẹ̀ ni bíríkìlà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ tú èèkàn fúnra rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ gòkè sí ẹ̀bá ọ̀nà. Yàrá mẹ́rin di méjì àti pálọ̀ kékeré. Ó ní òun ò ní gbẹ́ ẹsẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ náà rárá. Ó ní kí wọ́n ṣe gọ́tà tí yóò gba omi òrùlé, kí omi ìwẹ̀ àti ṣaláńgà má dojú kọ ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi kùkùté tó ń hù sílẹ̀ kó tún di igi. Ọmọ náà kò sọ pé ewu ti tán. Ó ní ó dín kù ni.

Bíríkìlà wá jókòó, ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun ti kọ́ ilé kan sí irú ibẹ̀ rí, lápá Ẹ̀gbẹ́dá. Òun fúnra òun lòun gé ẹsẹ̀ òkè náà, ẹ̀yìn yàrá ọmọ ló kọjú sí i. Ìyá kan àti ọmọ mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú òun á dé ibẹ̀, òun á wo ẹ̀yìn ilé, bóyá ilẹ̀ ti là.

Ọmọ náà padà síléèwé pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Ó ti kọ ibi méjèèjì tí Bàbá sọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọdún wọn, ó ní òun á kó o fún olùkọ́ òun kó lè wọnú ìṣirò. Kó tó lọ, Màmá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláta àti ẹlẹ́lùbọ́ tí wọ́n ti Làgelú àti Àkànrán ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa patẹ tán, ó ti rí ibi mẹ́ta mìíràn kọ sí i, tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan.

Ilé Màmá ti dé orí fèrèsé báyìí. Lọ́jọ́ kan tó lọ gbé omi fún àwọn òṣìṣẹ́, ó rí ajẹ́ńtì tó mú ọkùnrin télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ wá wo ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, èyí tó tiẹ̀ tún sún mọ́ odò jù. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fún wọn. Màmá kí wọn, ó sì ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ kí Bàbá tó wà lábẹ́ igi ọsàn nì. Ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ ọdún Ògùnpa."

Láti ọjọ́ náà ni ajẹ́ńtì kò ti kí i mọ́.